Àgádágodo Inú Ìwé

Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni àgádágodo kan fi wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Piccadilly, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, láìti ilẹ̀kùn kankan. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Fífọ́nnu ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Pátákó ara rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ẹni tó bá lè ṣe irinṣẹ́ tí yóò ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò gba 200 gínì lójú ẹsẹ̀. Gínì kan jẹ́ ṣílè 21, nítorí náà 210 pọ́n-ùn ni owó ọ̀hún, owó tí lébìrà ayé ìgbà náà kò lè rí fi ọdún mélòó kan kó jọ.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni Joseph Bramah, ọmọ àgbẹ̀ láti Yorkshire tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tó sì ti kọ́kọ́ lórúkọ nídìí ṣíṣe ilé ìyàgbẹ́ olómi fún àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1784 ló gbàwé àṣẹ fún àgádágodo rẹ̀. Irú èyí tó wà lára ilẹ̀kùn àwọn èèyàn nígbà náà ló fà á tó fi lè fọ́nnu bẹ́ẹ̀. Irin ìdènà ni wọ́n máa ń tò sínú àgádágodo àtijọ́, kí kọ́kọ́rọ́ tí àlàfo rẹ̀ kò bá bá wọn mu má lè yí. Olè tó bá mọṣẹ́ kì í pẹ́ nídìí irú èyí. Yóò fi ìda kun irin pẹlẹbẹ kan, yóò tì í bọ ihò kọ́kọ́rọ́, yóò yí i díẹ̀, àwọn irin ìdènà yóò sì tẹ àmì ara wọn sára ìda náà. Ó ku fáìlì. Òmíràn kò tilẹ̀ ní dá ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀: yóò rẹ́ gbogbo ara kọ́kọ́rọ́ kan dànù, yóò ku ṣóńṣó orí rẹ̀ tó lè gba ẹ̀gbẹ́ ìdènà yòówù kọjá, ìyẹn nìkan yóò sì máa ṣí ilé gbogbo àdúgbò.

Robert Barron ti gbìyànjú àtúnṣe ní 1778. Ó fi lẹ́fà sínú tirẹ̀, irin tí kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ gbé sókè dé ìwọ̀n kan pàtó kí ahọ́n àgádágodo tó lè kúrò lójú kan. Ọ̀nà tí Bramah gbà yàtọ̀ sí èyí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà bí ọ̀pá kékeré tó níhò nínú, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní àlàfo àlàfo, tí jíjìn àlàfo kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Béèyàn bá tì í wọlé, àlàfo kọ̀ọ̀kan yóò ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ibi tó yẹ kó dúró sí. Méjìdínlógún ni irú irin tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àgádágodo ojú fèrèsé yẹn. Bí ẹyọ kan bá kù díẹ̀, tàbí tó kọjá díẹ̀, kò yí nìyẹn. Ọwọ́ lásán kò lè gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó péye ní ìgbà gbogbo, ìdí rèé tí Bramah fi gba ọmọkùnrin alágbẹ̀dẹ kan tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, Henry Maudslay, pé kó wá bá òun ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gé wọn. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń dárúkọ Maudslay. Ìdí àgádágodo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti Portsmouth. Ní 1817, wọ́n fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ jalè ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ìjọba níbẹ̀. Ìjọba kéde ẹ̀bùn 100 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá lè ṣe àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan yóò máa ṣí. Jeremiah Chubb, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta nǹkan onírin nílùú náà, gbé tirẹ̀ jáde ní 1818. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ó máa ń tú àṣírí olè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irin gbé lẹ́fà kan kọjá ìwọ̀n, ohun kan nínú rẹ̀ yóò há a mọ́bẹ̀. Bí onílé bá dé, tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, tí kò yí, á ti mọ̀ pé àlejò kan ti débẹ̀ lẹ́yìn òun. Wọ́n gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n kan nínú ọkọ̀ òkun tí wọ́n sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgádágodo gan-an ló ń ṣe kó tó rẹ́wọ̀n he. Wọ́n ní bó bá lè ṣí i, á gba òmìnira, á sì gba 100 pọ́n-ùn lé e. Ó bá a jà fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì dá a padà fún wọn.

Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Alfred Charles Hobbs kì í ṣe olè o, oníṣòwò àgádágodo ni láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ẹsẹ̀ wọn lórí àpáta. Ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Hyde Park ní 1851 ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní July ọdún náà, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí nínú ilé kan ní Westminster, ó kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn irin tí àgádágodo Chubb wà lára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 25, ó ti ṣí i. Wọ́n ní kó tì í padà láìba nǹkan kan jẹ́. Ìṣẹ́jú 7 ló gbà á. Ló bá kọjá sí Piccadilly. Bramah ti kú láti 1814, àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè sọ pé pátákó ojú fèrèsé kì í ṣe tàwọn. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n fún Hobbs ní yàrá kan, ó sì jókòó tì í. Ọjọ́ 16 ló fi ń lọ, tó ń bọ̀. Wákàtí 51 ni gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀, àgádágodo sì là. Ilé-iṣẹ́ Bramah ráhùn pé kò sí olè tó lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lóru, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n san 200 gínì náà.

Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kò sọ ohun méjì. Ohun tó yí padà lọ́jọ́ náà ju orúkọ ilé-iṣẹ́ méjì lọ. Títí di 1851, ìdánilójú ni alágàádágodo ń tà: èyí kò ṣeé ṣí. Lẹ́yìn Hobbs, àkókò ló kù tó lè tà: èyí yóò dá olè dúró fún ìṣẹ́jú báyìí. Ó pẹ́ kí ìyàtọ̀ náà tó yé gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó tètè yé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa ṣírò ewu.

Ti àwọn mẹ̀kúnnù ni Linus Yale Kékeré, ọmọ Amẹ́ríkà, yanjú. Láàárín 1861 sí 1865 ló gbàwé àṣẹ fún èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí bí eyín ayùn, irú èyí tó wà lápò gbogbo wa lónìí. Èrò inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń lo igi kéékèèké tó ń já bọ́ sínú ihò láti fi há ìdábùú ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Yale kàn sọ igi di irin, ó sì sún gbogbo rẹ̀ bọ inú ọ̀pá tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Willenhall ni ìlú àgádágodo, lẹ́bàá Wolverhampton. Ilé kéékèèké ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìnkùlé, baba, ọmọ àti ọmọ iṣẹ́ lórí tábìlì kan náà. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lórí irin, títí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn fi ṣù bí iké, tí àwọn ará ìlú mìíràn sì fi ń pe Willenhall ní ìlú abuké.

Ọ̀rọ̀ ìdójútòfò wá kàn báyìí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti mẹ̀kúnnù kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 fi han gbogbo wọn. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ tí Nicholas Barbon bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìdójútòfò iná. Ṣùgbọ́n ti olè kò yá. Ó ju igba ọdún kí ẹnikẹ́ni tó dá a láṣà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: iná kì í bá onílé dìtẹ̀. Olè lè jẹ́ ìbátan onílé. Olè lè má wá rárá, kí onílé ní ó wá. Ta ló máa fi owó rẹ̀ wewu bẹ́ẹ̀?

Cuthbert Heath ni. Ọdọ́mọkùnrin tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa ni, ó ń ṣòwò ní Lloyd's, ọjà ìdójútòfò Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni gbogbo àgbà ibẹ̀ mọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé alágbàtà kan fi ṣeré bi í bóyá ó lè fi ti olè kún ti iná fún ilé kan, Heath sì ní kí ló dé tí òun ò ní ṣe é. Nǹkan bí 1889 nìyẹn. Láàárín ọdún díẹ̀, ìdójútòfò olè ti di ọjà tí wọ́n ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí ilẹ̀kùn ilé tó wà ní Leeds. Ó ní láti béèrè. Bí fọ́ọ̀mù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: irú ilé wo ni, ta ló ń sùn níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà, fèrèsé ńkọ́? Onílé yóò dáhùn, yóò fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, àgádágodo méjì ni ilé tó bá ní ìdójútòfò ń ní. Ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn, olè nìyẹn wà fún. Èkejì wà nínú ìwé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ààlè kì í ti nǹkan kan. Ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo tàbí ẹyọ bàtà kan tó ti gbó ni àgbẹ̀ yóò so mọ́ igi ìdáná tó kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ohun tó so ló ń lé olè. Àgádágodo inú ìwé jọ ààlè, nítorí ọ̀rọ̀ ni òun náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ààlè àgbẹ̀ dojú kọ olè, ti adójútòfò sì dojú kọ onílé.

Òfin tí wọ́n fi ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Heath. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òkun ló ti wá, ọkọ̀ náà sì ń bọ̀ ní etíkun tiwa. Juno ni wọ́n ń pè é. Liverpool ló ti gbéra, wọ́n sì ṣe ìdójútòfò rẹ̀ láti Áfíríkà dé West Indies. Kò sí ẹni tí kò mọ irú ẹrù tí ọkọ̀ Liverpool ń kó lójú ọ̀nà yẹn ní àwọn ọdún 1770. Nínú ìwé àdéhùn, wọ́n ṣèlérí pé ọkọ̀ náà kúrò ní Liverpool pẹ̀lú ọkùnrin 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin 46 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣí. Wákàtí mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ó dúró ní Beaumaris ní erékùṣù Anglesey, ó kó mẹ́fà sí i, wọ́n di 52, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọ̀tá fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ewu kankan kò wà láàárín Liverpool sí Beaumaris tí èèyàn mẹ́rin ì bá yẹ̀. Kò ran wọ́n lọ́wọ́. Ní 1786, Adájọ́ Àgbà Mansfield ní ìlérí ni ìlérí: bí kò bá ṣẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, àdéhùn ti tú, ì báà jẹ́ pé ohun tó yẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òfò. Mansfield yìí kan náà ló ti jókòó lórí ẹjọ́ ọkọ̀ Zong ní 1783, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń béèrè owó òfò lórí àwọn ẹrú tí wọ́n jù sínú òkun láàyè. Iyàrá tí wọ́n ti gbẹ́ òfin ìdójútòfò Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ní 1906, ilé aṣòfin kọ ìdájọ́ Juno sínú òfin ìdójútòfò ọkọ̀ òkun, àwọn kóòtù sì nà án dé orí gbogbo ìdójútòfò yòókù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Glasgow jẹ níbẹ̀ ní 1922. Fọ́ọ̀mù béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó kọ ọ́ ṣàṣìṣe, ó fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn ní àárín ìlú síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlú ni gáràjì wà. Ọkọ̀ jóná. Àṣìṣe náà kò mú ewu pọ̀ sí i, ẹ̀yìn ìlú lè sàn ju àárín ìlú lọ pàápàá. Ẹjọ́ náà dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, àwọn tó ni ọkọ̀ sì pàdánù rẹ̀, nítorí ìlà kan nínú ìwé àdéhùn ló ti sọ pé ìdáhùn orí fọ́ọ̀mù ni ìpìlẹ̀ àdéhùn.

Ẹ fi ilẹ̀kùn rọ́pò ọkọ̀. Onílé kọ ọ́ pé gbogbo fèrèsé òun ló ní àgádágodo. Ti ilé ìdáná ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, olè sì gba orí òrùlé wọlé. Lábẹ́ òfin àtijọ́, adójútòfò lè ní kò sówó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó lójú àánú wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni idà wà.

Ìlà mìíràn tún wà nínú ìwé tó ń dá ẹjọ́ sílẹ̀, èyí tó sọ pé olè gbọ́dọ̀ fi agbára àti ipá wọlé. Ní 1899, ẹjọ́ oníṣọ́ọ̀bù góòlù kan dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ jáde fún ìgbà díẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé láìtì í. Olè dé, ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó wọlé bí oníbàárà. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti wá fi ipá já àpótí góòlù. Kóòtù ní ipá inú ilé kò kà, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí ipá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó sì yí ọwọ́ ilẹ̀kùn kò lo ipá kankan. Àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1989, ẹjọ́ tó jọ ọ́ tún dé kóòtù kan náà: wọ́n jí ọkọ̀ ọkùnrin kan níwájú ilé ọtí, kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn olè fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣí ibi iṣẹ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì kó o. Kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àgádágodo rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́, òun ni wàhálà náà.

Ní 1963 ni ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ BS 3621 jáde, ìwé tó kọ ohun tí àgádágodo gbọ́dọ̀ ní kó tó lè pe ara rẹ̀ ní ohun tó ń dá olè dúró. Láti ìgbà náà ni fọ́ọ̀mù ti yí ohùn padà. Kò béèrè mọ́ bóyá ilẹ̀kùn ṣeé tì. Ó béèrè bóyá àgádágodo lẹ́fà márùn-ún tó bá BS 3621 mu ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn onígi, tó wo etí rẹ̀ níbi tí ahọ́n irin ti ń yọ, yóò rí àwo idẹ tóóró kan. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí, pẹ̀lú àmì kan tó rí bí ọkàn. Bí nọ́ńbà kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé lẹ́fà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tàbí méjì. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí bákan náà, ó dún bákan náà.

Irú ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀pọ̀ Yorùbá bá nílé tí wọ́n rà ní Peckham, Camberwell àti Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù: ilé ayé Victoria, ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà lé ọ̀dà, Yale kan lókè, ihò kọ́kọ́rọ́ ńlá kan nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Yale òkè ni wọ́n ń gbọ́kàn lé, torí pé ó máa ń ti ara rẹ̀ béèyàn bá ti fà á. Bó ṣe ń ti ara rẹ̀ náà ni káàdì ọ̀rá kan lè ṣí i bí wọn kò bá yí kọ́kọ́rọ́ lé e. Ká mú baba kan tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tó fẹ́ sùn, tí ọmọ rẹ̀ ń bá a kún fọ́ọ̀mù. Ṣé lẹ́fà márùn-ún ni? Baba ní ṣebí ilẹ̀kùn ń tì. Ọmọ kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé náà ṣe láìtún un kà. Bí ayálégbé bá wà ní yàrá òkè, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló ní àwọn kò ní san owó olè ilé tó ní ayálégbé àfi bí wọ́n bá rí ibi tí wọ́n ti já wọlé.

Àwọn tó ń pariwo pé òfin Mansfield ti le jù kì í ṣe àwọn onílé nìkan. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní 1957, òmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 1980. Wọ́n kó ìwé wọn sínú àpótí. Láti 1981 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò fúnra wọn ti dá ọ́fíìsì alárinà kan sílẹ̀ fún àríyànjiyàn oníbàárà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí Mansfield kò béèrè: ibo ni olè gbà wọlé? Bó bá jẹ́ ojú fèrèsé ló gbà, kí ló kan lẹ́fà ilẹ̀kùn?

Nàìjíríà ṣáájú Ìlú Ọba nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdójútòfò ti wọ Èkó, níbi tí Royal Exchange ti ṣí ẹ̀ka ní 1921. Nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìdójútòfò ti 2003, abala 55 rẹ̀ sọ pé adójútòfò kò lè fi ìlérí tó yẹ̀ kọ owó àfi bí ìlérí náà bá kan ewu tàbí òfò tí àdéhùn dá lé. Ó ṣeni láàánú pé ilé tó ní ìdójútòfò kò pọ̀ ní Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ kí ọ̀pọ̀ tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Irin ojú fèrèsé àti ọdẹ aṣọ́nà ni Èkó gbọ́kàn lé.

Ní Ìlú Ọba, òfin 2012 ló kọ́kọ́ gba aráàlú sílẹ̀. Láti April 2013, ẹni tó bá fi àìbìkítà ṣàṣìṣe lórí fọ́ọ̀mù láìmọ̀ọ́mọ̀ kì í sábà pàdánù gbogbo rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ 200 pọ́n-ùn ló san, tó sì jẹ́ pé 400 ni wọn ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ká ní wọ́n mọ irú àgádágodo tó ní gan-an, ìdajì owó òfò ni wọn yóò san. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ṣì wà lábẹ́ ọ̀bẹ. Òfin 2015, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 2016, wá sin òkú Juno: bí onílé bá lè fi hàn pé àgádágodo tó bàjẹ́ kò lè dá kún òfò tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, adójútòfò kò lè fi í ṣe àwáwí. Àwọn àgbàlagbà kan ti tilẹ̀ fi àpẹẹrẹ hàn lọ́dún náà. Ní ìsinmi Àjíǹde 2015, wọ́n wọ ilé ìfẹrùpamọ́ Hatton Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin ńlá rẹ̀ rárá. Ògiri kọnkéré tó nípọn tó ìdajì mítà ni wọ́n lu, tí wọ́n gba inú ihò náà wọlé. Ògiri lanu, aláǹgbá wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àgádágodo tó bàjẹ́ ti di eré. Onílé ni òfin 2015 di ẹrù ẹ̀rí rù. Lọ́pọ̀ ìgbà sì ni olè ń gba ibi tó bàjẹ́ gan-an. Ilẹ̀kùn onígi máa ń wú nígbà òtútù, ó sì máa ń wálẹ̀ lórí ìdè rẹ̀ bó bá ti dàgbà, títí ahọ́n irin kò fi ní kan ihò tó wà lára férémù mọ́. Onílé yóò yí kọ́kọ́rọ́, yóò gbọ́ kẹ̀ẹ́, yóò rò pé ó ti tì. Ilẹ̀kùn ọ̀rá funfun tó gba ìlú kan láti àwọn ọdún 1980 ní ìṣe tirẹ̀: èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yọ, kó tó wá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fà á pa lásán, tó jáde lọ, kò ti ilẹ̀kùn. Ìwé àdéhùn sì sábà máa ń sọ pé gbogbo àgádágodo gbọ́dọ̀ wà ní títì nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ilẹ̀kùn ọ̀rá yìí kan náà ló mú ọgbọ́n olè tuntun wá. Ọ̀pá idẹ kékeré tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ la ilẹ̀kùn já láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdè kan ṣoṣo ló sì mú un ní agbedeméjì, níbi tí wọ́n ti lu ihò fún un. Ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Olè yóò fi ẹ̀mú di èyí tó yọ síta, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, á kán bí ìrèké. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń ṣe é ti wá ń gé ojú kán sára rẹ̀ fúnra wọn, níwájú, kí iwájú lè kán kí inú sì kù, wọ́n sì ń tẹ àmì ìràwọ̀ sára èyí tó yege. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló dára jù.

Nítorí náà, bí aṣàyẹ̀wò òfò bá dé ilé tí wọ́n jà lónìí, kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kó. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń bẹ̀rẹ̀ sí. Yóò fi tọ́ọ̀ṣì wo férémù bóyá igi rẹ̀ là, yóò yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lójú fèrèsé láti wò ó bóyá ó ń yí, yóò ya fọ́tò etí ilẹ̀kùn níbi tí nọ́ńbà wà. Yóò wá béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé bóyá wọ́n rí ìdajì idẹ tó kán nílẹ̀. Ìyá ilé ti gbálẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n á jọ jáde lọ sídìí garawa ilẹ̀, wọ́n á tú ọ̀rá, aṣàyẹ̀wò á nu ìdajì idẹ náà mọ́ aṣọ rẹ̀, á yí i sí ìmọ́lẹ̀, á máa wá ìràwọ̀ lára rẹ̀.